Bí o ṣe lè rí ibi tó dára ṣe IT ní Òṣogbo

Lọ́dọọdún, bí ìdánwò bá ti ń parí, àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga á tú sí ìgboro Òṣogbo pẹ̀lú àpòòwé lọ́wọ́, wọ́n á máa jáde ní ọ́fíìsì kan, wọ́n á máa wọ òmíràn. Ọmọ UNIOSUN wà níbẹ̀, ọmọ Fountain wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Poli Ìrèé àti Poli Ẹdẹ náà wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ń kàwé ní Ìlọrin tàbí ní Èkó, ṣùgbọ́n ilé bàbá wọn wà níbí. Nǹkan kan náà ni gbogbo wọn ń wá: ibi tí wọ́n ti máa ṣe IT, ìyẹn iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ kọ́ ní iléeṣẹ́ fún oṣù mélòó kan. Ọ̀pọ̀ wọn á ríbi kan ṣá. Àwọn tó máa ríbi tí wọ́n á ti fọwọ́ kan iṣẹ́ gan-an kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àárín àwọn yẹn ni mo sì fẹ́ kó o wà.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ló mú kí n máa gba àwọn ọmọ IT. Mo máa ń ka lẹ́tà wọn, mo máa ń buwọ́ lu logbook wọn, ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí, mo sì mọ bó ṣe máa ń dun ọmọ tó já fáfá nígbà tó bá bọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń rán an ní oúnjẹ láti àárọ̀ dalẹ́. Nítorí náà, ohun tí ọwọ́ rẹ máa kàn níbẹ̀ ni kó o fi yan ibi tó o máa lọ. Orúkọ ńlá ara pátákó kò lè kọ́ ọ níṣẹ́.

Kọ́kọ́ mọ irú IT tó kàn ọ́

SIWES (Students Industrial Work Experience Scheme) ni orúkọ tó wà lórí ìwé. ITF (Industrial Training Fund), àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1971, ló bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní 1973, nítorí àwọn iléeṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn tó ń jáde nílé-ìwé gíga mọ̀wé ṣùgbọ́n wọn ò mọṣẹ́. Bí oṣù rẹ̀ ṣe gùn tó yàtọ̀ síra. Ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà ní yunifásítì máa ń lo oṣù mẹ́fà, ó sì sábà máa ń bọ́ sí sẹ́mẹ́sítà kejì ní ọdún kẹrin. Àwọn ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì kan máa ń lo oṣù mẹ́ta. Ọmọ ND ní poli máa ń lo oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ọdún kìíní, tó bá sì gba ND tán, ọdún kan gbáko míì tún wà níwájú rẹ̀ kó tó lọ ṣe HND.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ ló wà nínú SIWES. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lò ń kà, tàbí ìmọ̀ ìṣèlú, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀ka rẹ má rán ọ lọ síbì kankan. Má jókòó sílé nítorí ìyẹn. Gba lẹ́tà lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka rẹ nígbà ìsinmi gígùn, kó o sì wá ibi tó o ti máa kọ́ṣẹ́ fún oṣù kan tàbí méjì. Lọ́dún 2022 tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi oṣù mẹ́jọ daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ tó lo àsìkò náà báyìí kò pàdánù gbogbo rẹ̀.

Lọ sí ọ́fíìsì SIWES ilé-ìwé rẹ nígbà tó bá ku nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí IT tó bẹ̀rẹ̀. Béèrè ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, àti ìgbà tí wọ́n máa pe ìpàdé ìtọ́sọ́nà. Má sá ìpàdé yẹn, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣàlàyé fọ́ọ̀mù, fọ́ọ̀mù ló sì ń da ọ̀pọ̀ ọmọ láàmú níkẹyìn.

Àwọn ìwé tó o máa kó dání

Lẹ́tà ilé-ìwé ló ṣe pàtàkì jù, èyí tó sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ wọn ni ọ́, tí wọ́n sì ń bẹ iléeṣẹ́ náà kí ó gbà ọ́. Bí wọ́n bá lè fún ọ ní ju ẹyọ kan lọ tí wọn ò kọ orúkọ iléeṣẹ́ sí, gbà á. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ni, ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kó o sì tọ́jú ojúlówó rẹ̀ títí dìgbà tí ibi tó dá ọ lójú bá béèrè rẹ̀.

Ìkejì ni lẹ́tà tí ìwọ fúnra rẹ kọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wàá fi kọ ọ́, kó má sì ju ojú ìwé kan lọ. Kọ ẹni tó o jẹ́ àti ohun tó ò ń kà, déètì tó o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó o máa parí, ẹ̀ka iléeṣẹ́ náà tó o fẹ́ wà, àti ìdí rẹ̀. Ìdí yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń fò. Ọmọ tó bá kọ pé òun fẹ́ wà níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ransífọ́mà ṣe, torí pé àwòrán rẹ̀ nìkan lòun rí ní kíláàsì, èmi á ka lẹ́tà rẹ̀ dópin. Èyí tó ní òun fẹ́ ní ìrírí nínú iléeṣẹ́ ńlá yín, irú rẹ̀ pọ̀ lórí tábìlì mi.

CV rẹ náà kò gbọ́dọ̀ ju ojú ìwé kan lọ. Má fi ọjọ́ orí kún un, má fi ìwé tó ò tíì kà kún un. Bó o bá ti bá ìyá rẹ tajà, tó o ti kọ́ ọmọ ní lẹ́sìnnì, tàbí tó ò ń bá àwọn èèyàn tún fóònù ṣe ní họ́ọ̀sìtẹ́ẹ̀lì, kọ ọ́ síbẹ̀. Iṣẹ́ ni gbogbo wọn. Nọ́ńbà fóònù tó ń wọlé ni kó o kọ, kí ímeèlì rẹ sì jẹ́ orúkọ rẹ gan-an. A ti pe àwọn ọmọ kan tí fóònù wọn kò lọ, ẹlòmíràn la sì gbà dípò wọn.

Ìwé kọ̀ọ̀kan, ṣe é ní ẹ̀dà méjì. Ìdí ẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Níbo ló yẹ kó o wò?

Bó o bá ń kẹ́kọ̀ọ́ iná, o wà nílùú tó dára fún un, torí Òṣogbo yìí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná káàkiri Nàìjíríà wà. Ibi tí wọ́n ń ṣọ́ gidigidi ni, nítorí náà tètè kọ̀wé síbẹ̀, má sì fi í ṣe ibì kan ṣoṣo tó o ń retí. IBEDC tó ń pín iná fún àdúgbò wà nílùú, àwọn tó ń ri sólà náà sì ti pọ̀ báyìí. Mo fẹ́ràn àwọn tó ń ri sólà fún ọmọ IT. Wọ́n kéré, ọwọ́ wọn kì í tó iṣẹ́, wọ́n á mú ọ gorí òrùlé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Kí o tó oṣù kan níbẹ̀, wàá ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò bátìrì tó lè gbé fíríìjì di àárọ̀. Ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ àti irin lè gba iléeṣẹ́ Machine Tools lọ, kó béèrè irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ kó tó fi lẹ́tà sílẹ̀.

Àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ láàbù, máíkíróbáyọ́lọ́jì tàbí báyókẹ́mísìrì máa ń sáré lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti UNIOSUN, èyí tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní LAUTECH. Ibẹ̀ dára. Ohun tó yẹ kó o béèrè ni bóyá wọ́n máa ń yí àwọn ọmọ IT káàkiri ẹ̀ka: ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ibi tí wọ́n ti ń gbin kòkòrò àìsàn sínú àwo, ibi tí wọ́n ti ń wọn ṣúgà àti iyọ̀ inú ara. Bó bá jẹ́ ojú kan ni wọ́n máa fi ọ́ sí títí oṣù mẹ́fà, ilé ìwòsàn ìjọba ní Asùbíàró tàbí láàbù aládàáni kan lè sàn fún ọ jù. Níbi tí òṣìṣẹ́ ò bá pọ̀, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi jẹ́ kó o jókòó sídìí máíkírósíkóòpù, tí ọ̀gá á sì máa wo ohun tó o rí lẹ́yìn rẹ.

Ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìròyìn, OSBC, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wà ní Ilé Awíyé ní Òkè-Baálẹ̀, àwọn rédíò aládàáni náà sì wà nílùú. Àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà, ìṣirò owó, ìwọ̀nlẹ̀ àti ètò ìlú lè wo sẹkitéríàtì ní Àbéré, ní ọ̀nà Gbọ̀ngán. Lọ́dọ̀ ìjọba, lẹ́tà máa ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn kí ẹnikẹ́ni tó fèsì, nítorí náà tètè mú tìrẹ dé ibẹ̀.

Mo máa ń rí i pé àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà, ìtàn àti ìrìn-àjò afẹ́ máa ń rò pé àwọn ò ní ibi tí wọ́n lè lọ. Ní Òṣogbo! Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO fi sí ara ogún àgbáyé ní 2005 wà níbí, àjọ tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fún ìjọba àpapọ̀ ló sì ń mójú tó o. Àwọn ère tí Susanne Wenger àtàwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú yìí mọ síbẹ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú. Àwọn aláró àti àwọn oníbàtíìkì ṣì ń ṣiṣẹ́, ilé ọnà wà nílùú, ibùdó tó wà fún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú sì wà ní Àbéré. Bí mo bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria tàbí Ifẹ̀, Òṣogbo ni mo máa wá.

Ní ti Èkó: bó o bá ní ẹni tó o máa dé sí, tí iléeṣẹ́ náà sì ń fún ọmọ IT lówó ọkọ̀, lọ. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ibẹ̀ máa ń gba ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, LinkedIn sì dára fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣírò owó ilé, owó oúnjẹ àti wákàtí tó o máa lò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kó o tó pinnu. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ti ilé àwọn òbí wọn lọ síbi IT ní Òṣogbo ló mọṣẹ́ ju ẹni tó lo oṣù mẹ́fà nínú mọ́tò ní Èkó.

Sọ fún àwọn ará ilé náà. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, ìmáàmù àdúgbò, pásítọ̀, ẹni tó ń gba owó àjọ, gbogbo wọn ló mọ ẹnì kan tó mọ ẹnì kan. Jẹ́ kí wọ́n júwe ẹni náà fún ọ, kó o wá fúnra rẹ gbé lẹ́tà rẹ lọ. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ bá wá bá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí òun kò la ẹnu, a kì í mọ ohun tó lè ṣe.

Ọjọ́ tó o bá gbéra

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kò dára, torí ìpàdé pọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì náà kò dára. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí dé Ọjọ́bọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ni kó o lọ. Wọ aṣọ tó mọ́ tí wọ́n ti lọ̀, àti bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ibi ẹ̀rọ. To àwọn ibi tó o máa lọ ní àdúgbò sí àdúgbò, kí owó kórópe má bàa pọ̀ jù: Ògo-Olúwa àti Òkè-Fíà lọ́jọ́ kan, Ọláìyá àti Alẹ́kúwodò lọ́jọ́ kejì, kó o wá ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún Àbéré.

Mẹ́gáàdì ni wàá kọ́kọ́ bá pàdé. Kí i dáadáa, torí òun ló mọ ìgbà tí ọ̀gá ń wọlé, ó sì lè sọ fún ọ pé kó o padà lọ́sàn-án kó o tó fi lẹ́tà rẹ sọ́wọ́ ẹni tí kò ní débi tó yẹ. Inú ọ́fíìsì wá ńkọ́? Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ gùn:

“Ẹ káàárọ̀ mà. Bùkọ́lá lorúkọ mi, ọmọ UNIOSUN ni mí, ẹ̀kọ́ iná ni mò ń kọ́. Lẹ́tà IT ni mo mú wá mà. Ta ni kí n gbé e fún?”

“Ọ̀gá ò sí nílé. Gbé e síbẹ̀ yẹn.”

“Ẹ ṣé mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà kejì yìí, kẹ́ ẹ kọ déètì òní sí i. Ìgbà wo ni kí n padà wá wo èsì rẹ̀?”

Ìdí tí mo fi ní kó o ṣe ẹ̀dà méjì nìyẹn. Èyí tí wọ́n lu òǹtẹ̀ fún ló máa jẹ́ ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ pé lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí o bá padà wá, tí wọ́n ní àwọn ò rí lẹ́tà kankan, fi ẹ̀dà náà hàn wọ́n. Wọ́n á wá a. Ẹni tí kò ní ẹ̀dà ni wọ́n máa ń ní kó lọ kọ òmíràn wá.

Kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan: orúkọ ibi tó o lọ, ọjọ́ tó o lọ, ẹni tó gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ, ìgbà tí wọ́n ní kó o padà. Má fi mọ sí ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Bí wọn ò bá pè ọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, padà lọ. Má bínú, má sì sọ pé ẹ ti gbàgbé mi. Sọ pé o wá béèrè bóyá wọ́n ti rí àyè wo lẹ́tà rẹ. Àwa tó ń gba lẹ́tà máa ń mọ ojú ẹni tó padà wá. Bí wọ́n bá sọ pé àyè ò sí mọ́, béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bóyá wọ́n mọ ibòmíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ wọn. Mo ti rán àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi báyìí, wọ́n sì gbà wọ́n.

Nígbà tí wọ́n bá ní kó o wá jókòó, ìwọ náà béèrè tìrẹ. Ẹ̀ka wo ni mo máa wà? Ta ni ọ̀gá tó máa kọ́ mi? Ṣé ẹ ti gba ọmọ IT rí, kí sì ni wọ́n ṣe? Ọ̀gá tó mọ ohun tó fẹ́ fi ọmọ IT ṣe kò ní bínú sí ìbéèrè yìí. Bí ìdáhùn bá jẹ́ “a ó ṣáà rí nǹkan kan fún ọ ṣe”, má tíì dúró níbẹ̀ tó o bá ní ibòmíràn.

Owó, àti àwọn tó yẹ kó o sá fún

Má san owó fún ẹnikẹ́ni kí o tó ríbi ṣe IT, ì báà jẹ́ owó fọ́ọ̀mù, owó ìforúkọsílẹ̀ tàbí owó ọ̀gá. Àwọn oníjìbìtì orí WhatsApp àti Telegram ti gba owó lọ́wọ́ àwọn òbí púpọ̀. Fọ́ọ̀mù SIWES lè béèrè nọ́ńbà àkáǹtì rẹ, torí ìjọba àpapọ̀ ní owó díẹ̀ tó ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú ètò náà. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè PIN rẹ tàbí nọ́ńbà tí báǹkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Owó ìjọba yẹn kéré, kì í sì í tètè dé, nítorí náà má fi í ṣètò owó ọkọ̀.

Bí ọ̀gá kankan bá ní kó o wá bá òun ní òtẹ́ẹ̀lì tàbí nílé kí òun tó gbà ọ́ tàbí kí òun tó buwọ́ lùwé, má lọ. Pa ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ mọ́ sórí fóònù, sọ fún òbí rẹ àti olùdarí SIWES ilé-ìwé rẹ lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n lè yí ibi tó o ti ń ṣe IT padà. Kò sí logbook tó yẹ kó o tìtorí rẹ̀ gba irú èyí.

Bí wọ́n bá ti gbà ọ́

Gba lẹ́tà tí iléeṣẹ́ fi gbà ọ́, lórí ìwé tó ní orúkọ iléeṣẹ́ lókè, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé. Mú un padà sí ọ́fíìsì SIWES, kó o sì kún fọ́ọ̀mù tó yẹ kí iléeṣẹ́ àti ITF rí láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìdí nìyí tó fi yẹ kó o béèrè, kó o tó gba ibi tó kéré gan-an, bóyá wọ́n ní òǹtẹ̀, bóyá ilé-ìwé rẹ sì máa fọwọ́ sí ibẹ̀. Iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè, òfin ITF tí wọ́n tún ṣe ní 2011 ní kó máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún fún àjọ náà. Irú ibẹ̀ mọ ohun tí fọ́ọ̀mù ITF jẹ́, wọn ò ní máa wò ọ́ bíi pé o wá fi gbèsè lọ̀ wọ́n.

Ní ti iṣẹ́ fúnra rẹ̀, tètè dé. Bí wọ́n bá rán ọ lọ ra nǹkan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lọ, ọmọ ilé ni ọ́. Bó bá di ojoojúmọ́, lọ bá ọ̀gá tó ń kọ́ ọ, kó o kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí i, kó o wá sọ fún un pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ máa dúró tì yín bẹ́ ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ yìí, torí ó wà lára ohun tí wọ́n máa bi mí nílé-ìwé.” Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ò mọ̀ pé àwọn ń pa ọ́ lára, wọ́n á sì yí i padà.

Logbook ni kó o bá mi mú ní pàtàkì. Ojoojúmọ́ ni kíkọ rẹ̀, kí ọ̀gá sì buwọ́ lù ú lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn kan máa ń fi sílẹ̀ títí oṣù á fi parí, wọ́n á wá jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan kọ gbogbo rẹ̀. Ó máa ń hàn. Gẹ̀ẹ́sì ni wàá fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì yìí. Ọmọ kan kọ pé: “Lónìí mo bá wọn tún jẹnẹrétọ̀ ṣe.” Ọmọ kejì kọ pé: “Jẹnẹrétọ̀ 5kVA kan ń dún, ṣùgbọ́n kò gbé iná jáde. A fi mítà wọ̀n ọ́n, òdo la rí. A tú ìdérí ẹ̀yìn, a rí i pé ọ̀kan nínú káábọ̀n méjì tó ń fara kan ibi tó ń yí ti jẹ tán. A pààrọ̀ méjèèjì, a tún un tàn, mítà sì gbé 225 fóltì.” Ó wá ya àwòrán ibi tí káábọ̀n náà wà sí abẹ́ rẹ̀. Tí olùkọ́ bá ń bi ọmọ kejì yìí ní ìbéèrè lọ́jọ́ tó bá lọ ṣàlàyé IT rẹ̀ nílé-ìwé, inú ìwé rẹ̀ ló ti máa mú ìdáhùn.

Olùkọ́ ilé-ìwé rẹ máa wá bẹ̀ ọ́ wò, ẹni ITF náà lè wá. Wọn kì í sábà sọ ọjọ́. Jẹ́ kí logbook wà nínú báàgì rẹ nígbà gbogbo, bó o bá sì fẹ́ gbàyè ìsinmi, gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá kó o sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, bẹ̀rẹ̀ sí í lépa Fọ́ọ̀mù 8, èyí tí wọ́n fi ń parí SIWES. Apá kan wà tí ìwọ máa kún, apá kan wà fún iléeṣẹ́, apá kan fún ilé-ìwé, ITF ló sì ń gbà á. Má dúró dìgbà tó o bá kúrò níbẹ̀ kó o tó gbé e fún ọ̀gá, torí ọ̀gá lè rìnrìn àjò. Ṣe ẹ̀dà gbogbo ojú ìwé tó bá ti ní ìbuwọ́lùwé, kó o tọ́jú rẹ̀ sílé kó o tó fi ojúlówó sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kankan. Kó o tó dágbére, béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọ bóyá o lè kọ orúkọ rẹ̀ sínú CV rẹ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lè jẹ́rìí sí ọ, gba nọ́ńbà tó ń lò, kó o sì pè é lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tí èsì IT rẹ bá jáde, kó mọ ohun tó o gbà.